Fọ́mánì tó dá tipà ọ̀dà padà: àgbéyẹ̀wò àwọn tó wá dí kòtò títì wa

Tipà ọ̀dà gbígbóná tí a ti ń retí látàárọ̀ yọ lọ́sàn-án gangan. Fọ́mánì gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ká tapólì kúrò, ó ki irin tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná bọ àárín ẹrù, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó tún lọ kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ló bá bọ́ sílẹ̀, ó ní kí dẹ́rẹ́bà máa gbé e padà lọ.

Ariwo ta. Àwọn ọlọ́kadà ń bú u, ìyá alákàrà ń ká ọwọ́ lérí. Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé wa, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, fúnra wọn ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, dákun, dà á bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá fi lè kúrò ńbí, ta ló máa padà rí i?"

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹrù yìí ti tutù. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló há sí. Bí mo bá dà á sílẹ̀, rólà á kàn máa lọ lórí ẹ̀ ni, kò ní ki mọ́ra. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa hú u."

Mo sún mọ́ ọn, mo ní kó jẹ́ kí n rí irin náà. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò bi mí pé kí ló kàn mí. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, ó fi hàn mí. "Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ẹ̀ dúró sí, mà." Ọwọ́ náà ò dé 80. Ó ní tí ọ̀dà bá ń jáde níbi tí wọ́n ti ń pò ó, ó máa ń gbóná tó nǹkan bí 150 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá fi lè já wá sí ìsàlẹ̀ 90 kí rólà tó tẹ̀ ẹ́ tán, òkúta inú ẹ̀ ò ní gbá ara wọn mú mọ́, ihò á wà nínú ẹ̀ tí ojú ò rí, omi á sì rí ibi wọlé. Tipà yí orí padà, ó lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Nàìjíríà, mi ò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ ohun tí kò dáa lójú gbogbo èèyàn báyìí rí, nígbà tí kò sí ọ̀gá kankan nítòsí tó ń ṣọ́ ọ.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára: àdúgbò wa n'Ìbàdàn ti rí oríṣiríṣi adíkòtò. Àwọn kan da yanrìn pupa sí i. Àwọn kan kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wá. Àwọn tó wá lọ́dún ìbò da ọ̀dà lé orí ẹrẹ̀, wọ́n fi ṣọ́bìrì gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Títì kì í kú láti òkè. Omi ló ń gba ojú tó sán wọlé, ìsàlẹ̀ á rọ̀, táyà á máa tẹ̀ ẹ́, á máa fún ẹrẹ̀ jáde, ọ̀dà òkè á wá jìn sínú ihò. Ẹni tó bá dí i láì yọ ẹrẹ̀ yẹn, òfo ló ṣe.

Ó yẹ kí n sọ ti ọ́fíìsì àwọn tó rán fọ́mánì wá náà, torí ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù lọ. Kí wọ́n tó wá rárá, nígbà tí a mú lẹ́tà tí a fi ní kí wọ́n wá dí kòtò lọ, akọ̀wé ibẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí i. "Títì yín kì í ṣe tiwa, mà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni." A lọ síbẹ̀, wọ́n ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ẹnì kan tún ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ohun tó sì jẹ́ òótọ́ ni pé nínú nǹkan bí 200,000 kìlómítà títì tó wà ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. FERMA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tún títì ṣe, tí gbogbo wa máa ń dárúkọ, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, títì ìjọba àpapọ̀ nìkan ni tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí pátákó kankan lórí títì tó sọ ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi wá ṣe bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ akọ̀wé àkọ́kọ́, lẹ́tà wa ti sọnù. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló dìde láì sọ̀rọ̀, ó tú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fà á jáde lábẹ́ àwọn fáìlì àtijọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i lójú wa, ó gbé e wọlé lọ bá ọ̀gá. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọmọ náà.

Tipà padà wá lóòótọ́, pẹ̀lú ẹrù tí èéfín ń rú lórí ẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé etí kòtò ní igun mẹ́rin, etí ẹ̀ dúró ṣánṣán. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ títí kan ilẹ̀ líle. Wọ́n da òkúta sí i ní ìpele-ìpele, wọ́n ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ eruku kúrò, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọ̀dà olómi yí etí àti ìsàlẹ̀ ká kí tuntun lè lẹ̀ mọ́ tàtijọ́. Rólà bẹ̀rẹ̀ láti etí bọ̀ sí àárín. Fọ́mánì jẹ́ kí ó ga ju ojú títì lọ díẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ló máa tẹ ìyókù. Ọmọkùnrin kan lára wọn wá ń béèrè owó dísù rólà lọ́wọ́ wa ní kọ̀rọ̀, àwọn kan sì fún un kí fọ́mánì tó gbọ́. Ó ní kó dá a padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló padà.

Òjò ti rọ̀ dáadáa látìgbà náà. Àbùlẹ̀ yẹn ò mì. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Gọ́tà tó dí kò sí nínú ìwé iṣẹ́ wọn, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Fọ́mánì gan-an ló tọ́ka sí i, ó ní, "Màmá, èyí ló máa ba iṣẹ́ mi jẹ́." Omi ń dúró lórí títì di ọjọ́ kejì, etí ọ̀dà àtijọ́ sì ti ń sán lọ bí ìjàm̀bá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò dí ọ̀nà fún àwọn tipà yanrìn tó ń gba àdúgbò wa kọjá. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois l'Amẹ́ríkà láàárín 1958 sí 1960 ti fi hàn pé bí ẹrù orí áàsì, irin tó mú táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń bàjẹ́ lára títì lè tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Àwọn ẹnjiníà wọn mọ èyí jù mí lọ. Irin kan péré tí wọ́n bá fi dábùú òkè ẹnu ọ̀nà, tí ọkọ̀ ńlá ò fi ní lè wọlé, ti tó. Kí ló dé tí ẹ ó fi tún títì ṣe, tí ẹ ó sì fi ohun tó pa á sílẹ̀ síbẹ̀? Mo bi wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ẹ̀ka mìíràn ló ń rí sí gọ́tà, òmíràn ló ń rí sí ọkọ̀ ńlá.

Mo fún wọn ní 9 nínú 10. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti owó dísù ni. Ti gọ́tà, mo ti kọ lẹ́tà tuntun, mo sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi kí n tó kúrò níbẹ̀.