Kílíìpù àbí sílíìfù tí wọ́n tẹ̀: èwo ni kẹ́ ẹ fi ṣe ojú wáyà wíǹṣì yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra wáyà onírin tuntun fún wíǹṣì mọ́tò tówìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wé wáyà láti fi fa ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa gé e àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe ojú sí i níbi tí húùkù máa kọ́, ìyẹn kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹnu wáyà padà bí òrùka, kẹ́ ẹ sì dè é. Wáyà 10mm ni tèmi. Mo fi kílíìpù, irin tó tẹ̀ bíi U tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì fún mọ́ wáyà, dè é fún ọdún méjì. Sílíìfù, páìpù kékeré tí wọ́n ń ti wáyà bọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ni mo ń lò báyìí.

Gígé kọ́kọ́. Bọ́ọ̀tù kọ́tà tí wọ́n fi ń gé àgádágodo, ẹ má rà á nítorí wáyà, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ á wá tú bí ọwọ̀ tí okùn rẹ̀ já, kò ní wọ inú sílíìfù mọ́. Fáìlìn máṣìn-ìn pẹ̀lú dísìkì tín-ín-rín máa ń gé e mọ́, àmọ́ iná máa ń ta, ẹ má ṣe é nítòsí táǹkì epo, ooru rẹ̀ sì ń yọ́ gírísì inú wáyà. Kọ́tà wáyà gangan ló dáa jù, ẹnu rẹ̀ tẹ̀, ó ń gbá wáyà mú yíká. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ fi téépù wé e le dáadáa, kẹ́ ẹ gé e láàárín téépù náà, kẹ́ ẹ wọ gọ́gùsì àti ìbọ̀wọ́.

Ó wá kan kílíìpù. Ó pọ́ọ́kú, sípánà nìkan ló ń fẹ́, tí wáyà bá já mọ́ yín lọ́wọ́ lóru lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ lè tún un dè níbẹ̀. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Mo ń fa Sienna oníbàárà kan gun orí mọ́tò, ó ti dé ìdajì, ni wáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde nínú kílíìpù díẹ̀díẹ̀, kí n tó pa wíǹṣì, mọ́tò yẹn ti yí padà sẹ́yìn bọ́ sí gọ́tà. Ọlọ́run ló ṣe é tí ọmọọṣẹ́ mi ti kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Mo san owó bọ́ńpà, mo san ti iná méjèèjì, oníbàárà yẹn ò sì pè mí mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo tú u wò, mo rí i pé mo ti kọjú kílíìpù kan sókè, mo kọjú èkejì sísàlẹ̀, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa le. Irọ́ ni o. Ìdí kílíìpù tó nípọn, ara ẹsẹ̀ wáyà tó gùn tó ń fa ẹrù ló gbọ́dọ̀ jókòó sí, irin tó tẹ̀ bíi U yẹn á wà lára ìrù wáyà, ìyẹn ẹnu kúkúrú tẹ́ ẹ ṣẹ́ padà, gbogbo wọn á sì kọjú síbì kan náà, torí U yẹn máa ń jẹ wáyà lára. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún nọ́ọ̀tì fún rárá látọjọ́ tí mo ti dè é, bẹ́ẹ̀ wáyà máa ń tín-ín-rín sí i tí ẹrù bá ti fà á, nọ́ọ̀tì á wá dẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti sán nídìí, kílíìpù tí wọ́n yọ́ irin dà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n lù. Tẹ́ ẹ bá máa ra kílíìpù, èyí tí wọ́n lù ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́ta ó kéré jù, kí àyè àárín wọn tó ìlọ́po mẹ́fà bí wáyà ṣe nípọn tó, ìyẹn 60mm fún tèmi. Kódà tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ pé, nǹkan bí 80 nínú 100 agbára wáyà lẹ máa rí lò.

Sílíìfù ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí nọ́ọ̀tì tó máa dẹ̀, kò sì ń ha èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ò lè tú u ṣá, tó bá bà jẹ́ ẹ máa gé e dànù ni. Alumíníọ́ọ̀mù fún wáyà lásán, kọ́pà fún wáyà tí kì í dípẹtà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré kò lè tẹ 10mm, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní préèsì oníhàdírọ́líìkì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì tẹ nǹkan, tó bá sì jẹ́ òòlù ló gbé jáde, ẹ gbé wáyà yín kúrò níbẹ̀. Kí ìrù wáyà yọ díẹ̀ jáde lẹ́nu sílíìfù, kẹ́ ẹ lè rí i pé ó wọlé tán.

Wáyà tó dúró sójú kan, bíi èyí tó ń di òpó áńtẹ́nà mú, kílíìpù tó dáa tó o, tẹ́ ẹ bá ń rántí tún un fún. Wáyà tó ń fà tó ń dẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kílíìpù mẹ́rin wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, tojú ọ̀nà ni. Ẹnu kan péré sì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ o, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú dúróòmù wíǹṣì, ibi tí wáyà ń wé mọ́, ló ń lọ.