Sítíkà "Ọlọ́run Ò Ṣeé Bá Jà" ní Ìkòròdú

Iṣẹ́ àwọn tó ń gé sítíkà ọkọ̀ ní Ìkòròdú mọ́, lẹ́tà wọn sì hàn gàǹgà. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gé "Ọlọ́run Ò Ṣeé Bá Jà" fún ọkọ̀ yín, tí ẹ sì ń wá ẹsẹ Bíbélì tó máa bá a lọ, Àìsáyà 54:17 ni kí ẹ ní kí wọ́n gé sí i. Ẹsẹ náà ò sọ pé ọ̀tá ò ní rọ ohun ìjà o. Ó ní ohun ìjà náà kò ní ṣàṣeyọrí. (Sítíkà ò dípò àtúnṣe ọkọ̀ o: búréèkì tó ti jẹ tán, ẹ ṣì máa pààrọ̀ ẹ̀.) Ẹ yẹ nọ́ńbà ẹsẹ wò kí wọ́n tó gé e, torí wọ́n lè ṣì í kọ.

Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ nù ún gbẹ. Eruku ló ń jẹ́ kí sítíkà ṣí létí. Láti àárín ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀. Lẹ́tà dúdú ló ń pẹ́. Oòrùn máa ń pa pupa láwọ̀ dà.