Òṣùwọ̀n A sí D fún ìmọ́tótó ìgboro: ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń tanni jẹ

Ẹni tó bá ní ìgboro òun mọ́ ju ti ẹlòmíì lọ, ẹ bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tí wọ́n kó ló máa dá yín lóhùn. Tọ́ọ̀nù ò sọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tó. Ìlú tó ń kó ìdọ̀tí púpọ̀ lè jẹ́ ìlú tí wọ́n ń da púpọ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí agbálẹ̀ ti kọjá ni ká wọ̀n. Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n la gbé yẹ̀ wò níbí: òṣùwọ̀n léta A sí D ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, áàpù orí fóònù, àti kámẹ́rà orí ọkọ̀ ìgbálẹ̀. Orí ti àkọ́kọ́ la máa pẹ́ sí jù, torí òun ni ìlú tí kò lówó lọ́wọ́ pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Abẹ́ òfin àyíká ọdún 1990 ni òṣùwọ̀n náà wà, ìwé ìlànà ọdún 2006 ló sì ṣàlàyé rẹ̀. A ni ilẹ̀ tí kò sí pàǹtírí kankan níbẹ̀. B ni èyí tó mọ́ lápapọ̀, tí nǹkan kéékèèké díẹ̀ kàn wà káàkiri. C ni ibi tí pàǹtírí ti tàn ká, tó sì ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. D ni ibi tó ti di òkìtì. Àwọn máàkì bíi B- àti C- wà láàárín wọn fún ibi tí ojú bá ń ṣiyèméjì.

Mítà 50 ni gígùn ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń wò, máàkì mẹ́rin ni wọ́n sì ń fún un: ọ̀kan fún pàǹtírí, ọ̀kan fún erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà, ọ̀kan fún ìkọkúkọ ara ògiri, ọ̀kan fún bébà ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí wọ́n ṣe ya pàǹtírí sọ́tọ̀ kúrò lára erùpẹ̀ yìí, òun gan-an ló mú ká fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí ju èyí tó ń fúnni ní ẹyọ máàkì kan ṣoṣo lọ. Òṣùwọ̀n tí àjọ Keep America Beautiful ń lò, 1 sí 4, yá láti kọ́, àmọ́ bí títì bá gba 3, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i.

Ẹ wò ó báyìí. Bí pàǹtírí bá gba A tí erùpẹ̀ gba C, àwọn tó ń ṣa nǹkan ń ṣiṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni kò dé ẹsẹ̀ títì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pé mọ́tò tí wọ́n páàkì síbẹ̀ ló dí i lọ́nà. Bí ẹ bá gba agbálẹ̀ kún agbálẹ̀ nítorí èyí, owó ló ṣòfò. Ohun tó ń fẹ́ ni ọjọ́ tí mọ́tò ò ní sí lápá kan títì, bí wọ́n ti ń ṣe é ní New York: wọ́n á kó mọ́tò kúrò lápá kan lónìí, apá kejì á di ọjọ́ mìíràn. Ẹ má fojú kéré erùpẹ̀ yìí o. Òjò díẹ̀ ló máa rọ̀ sí i tí koríko á fi hù, gbòǹgbò koríko á wá máa dá erùpẹ̀ mìíràn dúró, títí tí búrọ́ọ̀ṣì ò fi ní ká a mọ́, tó máa di iṣẹ́ ṣọ́bìrì.

Bó bá wá jẹ́ òdìkejì, tí erùpẹ̀ gba A tí pàǹtírí gba C, ẹ̀rọ ti kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ làwọn èèyàn ń sọ nǹkan sílẹ̀. Garawa ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò. Ṣé ibi tí èrò ti ń dúró ló wà, àbí ibi tó rọ ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́rùn? Ṣé ẹnu rẹ̀ ò ṣí gbayawu, kí afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ máa kó ohun inú rẹ̀ jáde? Tí garawa bá ti ń kún kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi ìgbà ìkólẹ̀ kan kún un ní ọ̀sán kẹ́ ẹ tó ronú àtira òmíràn.

Ìṣirò àpapọ̀ rọrùn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ka iye ibi tó gba C, C- tàbí D. Ẹ fi ìdajì iye tó gba B- kún un. Ẹ pín in fún gbogbo ibi tẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Nínú ibi 300, bí 30 bá gba C tàbí ohun tó burú jù ú lọ, tí 24 gba B-, 30 àti 12 jẹ́ 42, ìyẹn ìdá 14 nínú 100. Bó bá ṣe kéré tó ló dáa tó. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba èsì yìí lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ibi 300 ni wọ́n ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ó kárí oríṣi ilẹ̀ 10, láti ojú ọjà dé títì ńlá, àdúgbò ilé gbígbé, ọgbà ìtura àti àgbègbè iléeṣẹ́. Bí ẹni méjì bá ń wo ibi 25 lójúmọ́, ọjọ́ 12 ni.

Àwọn tó fẹ́ dín owó kù máa ń gé 300 yìí sí 50. Kò yẹ kẹ́ ẹ gbà. Tí ibi 50 bá gbé ìdá 14 jáde, òótọ́ ibẹ̀ lè jẹ́ 4, ó sì lè jẹ́ 24. Tó bá jẹ́ 300, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4 sókè tàbí sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wo ibi 50, tí èsì rẹ̀ kúrò ní 14 tó bọ́ sí 10, tó wá pe oníròyìn jọ, ijó ló ń jó láìsí ìlù.

Àìdáa tó tóbi jù nínú òṣùwọ̀n yìí ni aago. Bí agbálẹ̀ bá kọjá ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí olùwò dé ní aago méje, A ni gbogbo ìlú máa gbà, kò sì sí irọ́ kankan nínú fọ́ọ̀mù náà. Ọ̀nà àbáyọ: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké ibi àti wákàtí, kó kan àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, kó kan òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ rí ìwé náà ṣáájú. Ìwé ìlànà ọdún 2006 fúnra rẹ̀ mọ̀ pé aago ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: ibi tí èrò pọ̀ sí, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fún ìjọba ìbílẹ̀ láti tún un ṣe tó bá ti bàjẹ́; ibi tó mọ níwọ̀n, ọjọ́ kan; ibi tí èèyàn kì í sábà dé, ọjọ́ 14. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jà, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Nídìí mítà 50 yẹn gan-an, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ẹnìkan ò bá tẹnìkejì dọ́gba. Ẹ rìn ín lọ, ẹ rìn ín bọ̀, torí ọ̀rá funfun tí oòrùn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí nígbà tẹ́ ẹ ń lọ máa hàn gbangba nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ojú máa ń fo ẹsẹ̀ òpó iná, ẹ̀yìn garawa, abẹ́ bẹ́ǹṣì, ojú irin tó bo gọ́tà, àti àlàfo àárín bíríkì. Àjókù sìgá tó bá ti há sínú àlàfo bíríkì, búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ á gba orí rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ò ní lè fà á jáde, ẹ máa tún bá a níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun funfun inú rẹ̀ jọ òwú lójú, ṣùgbọ́n oríṣi ike kan ni, kì í tètè jẹrà. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára tàbí ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ló ń yọ ọ́. Ní ti ṣíǹgọ́ọ̀mù tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, ẹ pinnu ṣáájú bóyá ẹ máa kà á, kí gbogbo olùwò sì tẹ̀ lé e. Bó ti wù kí ẹ gbálẹ̀ tó, kò ní kúrò. Omi gbígbóná tó ń rú èéfín ló ń rí i bá ṣe.

Ojú èèyàn máa ń fà síbí fà sọ́hùn-ún. Olùwò tó bá ti wà ní àdúgbò dídọ̀tí láti àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún C ní B láìmọ̀. Fótò ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní New York, níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wọn ìmọ́tótó títì láti àwọn ọdún 1970, fótò àpẹẹrẹ ni wọ́n ń fi máàkì wé, láti 1.0 dé 3.0, títì tí kò bá sì tó 1.5 ni wọ́n kà sí èyí tó mọ́ dáadáa. Ẹ ya fótò tiyín fún léta kọ̀ọ̀kan, kí olùwò mú un dání. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì wo ibi 20 kan náà láìbára wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra ní ibi tó ju mẹ́ta lọ, ẹ padà sídìí fótò.

Áàpù ńkọ́? OpenLitterMap ni ká fi ṣàpẹẹrẹ: ẹnikẹ́ni lè ya fótò ìdọ̀tí, kó sọ irú ohun tó jẹ́ àti bóyá òun ti ṣà á, kó gbé e sórí máàpù tí gbogbo ayé lè rí. Kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ rí i pé kámẹ́rà fóònù ń kọ ibi tẹ́ ẹ wà sínú fótò. Bí kò bá kọ ọ́, máàpù ò ní rí fótò náà lò. Ó dáa fún mímọ irú ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì lè ṣe é. Kò dáa fún fífi àdúgbò wé àdúgbò, torí ibi tí àwọn tó ń lo áàpù bá rìn dé ló máa dà bí ibi tó dọ̀tí jù.

Kámẹ́rà ló wọ́n jù, òun náà ló sì kún jù. Cortexia, iléeṣẹ́ kan ní Switzerland, ń gbé tiwọn sórí ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á dá ohun tó wà nílẹ̀ mọ̀, á kà á, á sì fún títì ní máàkì láti 0 dé 5, tí 5 jẹ́ mímọ́ jù. Ó lè gba títì kan náà kọjá lójoojúmọ́, èyí tí olùwò ẹlẹ́sẹ̀ ò lè ṣe láé, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ohun tí mọ́tò tó wà ní páàkì bá bò, kámẹ́rà kankan ò ní rí i, ẹ sì rántí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Ewé tútù, òjìji àti ilẹ̀ tí omi ń dán lórí rẹ̀ máa ń dà á láàmú. Bó bá jẹ́ orí ọkọ̀ ìgbálẹ̀ ló wà, iwájú búrọ́ọ̀ṣì ni kó kọjú sí; lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì, ohun tó ti mọ́ ló ń wọ̀n.

Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé àdéhùn kámẹ́rà èyíkéyìí, ẹ mú mítà 50 lọ́nà 10 ní títì tó yàtọ̀ síra, ẹ fọwọ́ ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lóríṣi, kí ọkọ̀ wọn sì gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí kan náà. Ẹ fi àjókù sìgá wé àjókù sìgá, ike wé ike. Àpapọ̀ lè bára mu kí àwọn ẹ̀ka inú rẹ̀ má bára mu rárá. Ẹ béèrè ibi tí fótò ojú èèyàn àti nọ́ńbà mọ́tò ń lọ, àti ìgbà tí wọ́n ń pa wọ́n rẹ́. Bí wọn ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé kámẹ́rà wọn lọ.