Awọ ìgòkè síkì, àdàlù mohair àti náílọ́ọ̀nù: gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò

Yíyọ̀ ni wọ́n ṣe síkì fún, ìyẹn pátákó gígùn méjì tí a ń so mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, awọ tí a ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣeé gun òkè. Awọ séálì gan-an ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Aṣọ onírun ni tòde òní, orúkọ nìkan ló kù. Irun rẹ̀ sùn sẹ́yìn. Bí síkì bá ń lọ síwájú, ó ń yọ̀ geere. Bó bá fẹ́ padà sẹ́yìn, irun á dìde, á sì di yìnyín mú. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ra ẹ̀yìn ológbò láti ìrù lọ sí orí ti mọ bó ṣe ń rí.

Èyí tí mò ń lò jẹ́ ìdá 70 nínú 100 mohair, ìyẹn irun ewúrẹ́ Angora, àti ìdá 30 náílọ́ọ̀nù. Mohair nìkan fúyẹ́, ó sì ń yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òkúta àti yìnyín líle máa ń tètè jẹ irun rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù nìkan ń pẹ́, ó sì ń dilẹ̀ mú, àmọ́ itan á gbọ́ ọ: ńṣe ló dà bí ẹni ń wọ́ ẹrù. Àdàlù yìí sún mọ́ mohair. Lójú ọ̀nà tó dagun ní dígíríì 10 sí 15, kò sí àléébù lára rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ padà, ẹ wo ìdúró yín kí ẹ tó bú awọ. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú ti gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò ní gìgísẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtòsí abẹ́ bàtà ni irun ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ nàró, kí ẹ sì máa wọ́ síkì nílẹ̀ dípò kí ẹ máa gbé e.

Gígé rẹ̀ ò le. Ọ̀bẹ kékeré tó bá a wá máa ń jẹ́ kí etí irin síkì hàn síta ní nǹkan bíi mìlímítà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe rò pé aṣọ ló ṣòfò níbẹ̀ o. Téèyàn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá lórí yìnyín líle, etí irin yẹn ló ń gé wọlẹ̀. Tí awọ bá bò ó, ẹ ó yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí ẹni gun ọṣẹ.

Gọ́ọ̀mù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni mo ti gba ti awọ yìí. Ó ń mú títí dé ìgòkè kẹta láàárín ọjọ́ kan, bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ nu abẹ́ síkì gbẹ, nítorí omi díẹ̀ tó bá dì síbẹ̀ ti tó láti dínà gọ́ọ̀mù. Ẹ ti iwájú bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Bí ẹ bá dé ṣóńṣó, ẹ bó ọ̀kan kí ẹ tó kan èkejì, ẹ ṣẹ́ ẹ po, gọ́ọ̀mù sí gọ́ọ̀mù, kí atẹ́gùn má fẹ́ yìnyín sí i. Inú jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí ara ti ń gbóná, ni kí ẹ kó wọn sí. Èyí tó bá sùn sínú àpò ẹ̀yìn nígbà òtútù líle lè kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lẹ̀ ẹ́.

Ìdí síkì ni ìjọ̀gbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀: yìnyín á rápálá wọlé, awọ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe máa rìn lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bó o, ẹ fa ojú gọ́ọ̀mù gba etí irin síkì kejì kí yìnyín já kúrò, kí ẹ tó tún un lẹ̀. Bó bá kọ̀, okùn rọ́bà méjì lórí síkì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú bàtà, ọ̀kan nítòsí ìdí, á gbé yín délé. Mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú àpò nígbà gbogbo.

Yìnyín tó ń di pọ̀ sábẹ́ awọ tún wà. Oòrùn á mú awọ rin. Bí ẹ bá wá kó sínú òjìji, omi inú irun á dì, yìnyín gbígbẹ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn títí síkì á fi wúwo bí òkúta. Ìda tí wọ́n ṣe fún awọ ni oògùn rẹ̀. Kí ẹ fi pa á nígbà tó ṣì gbẹ, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, bí irun ṣe sùn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó di pọ̀ tán á kọ́kọ́ há a kúrò ná.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni ìkọ́ ìdí rẹ̀. Lórí síkì tí ìdí rẹ̀ rí roboto, ó máa ń fò kúrò nígbà tí a bá ń yí padà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fa okùn rẹ̀ kúrú títí yóò fi gba agbára díẹ̀ kó tó wọlé.

Lórí yìnyín tó yọ́ tó tún dì mọ́jú, kò sí awọ tó ń dúró. Ẹ gbé eyín irin síkì dání, ìyẹn irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a ń so mọ́ síkì kó lè gún yìnyín mú. Àti pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá ti dé dígíríì 30 jẹ́ ilé yìnyín tó ń ya lulẹ̀. Awọ ò gbani níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìwáni 457 kHz tó ń fi rédíò tọ́ka sí ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá ìwádìí tí a fi ń gún yìnyín wá a, àti ṣọ́bìrì tí a fi ń wú u jáde, ni ti olúkúlùkù.

Lálẹ́, ẹ fi kọ́ sínú yàrá kó gbẹ, kó jìnnà sí iná, nítorí ooru máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ti ń rí gọ́ọ̀mù tó kù sábẹ́ síkì lẹ́yìn tí ẹ bó awọ, ẹ ti ń sún mọ́ ọjọ́ tí ẹ ó fi áyọ́ọ̀nù yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i.