Mùsíọ̀mù Eyam ní Derbyshire: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má parí síbẹ̀

Eyam, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Íìmù, jẹ́ abúlé kékeré kan ní Derbyshire, lágbègbè Peak District tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dáàbò bò láti ọdún 1951. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Àjàkálẹ̀ àrùn plague tó jà níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1665 títí wọ oṣù kọkànlá ọdún 1666 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ìtàn yẹn náà sì ni mùsíọ̀mù tó wà ní Hawkhill Road ń rò fún àlejò. Ó rò ó dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá wo mùsíọ̀mù nìkan, tó ra káàdì ìrántí méjì ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà, tó sì padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò tíì rí Eyam.

Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bíi mùsíọ̀mù, ohun tí Clarence Daniel, òpìtàn abúlé náà, kó jọ nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n sì fi pilẹ̀ rẹ̀. Òkè ni ìtàn àrùn wà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó ìyókù sí: bí abúlé ṣe gbérí lẹ́yìn ikú, òjé wíwà, bàtà ṣíṣe, aṣọ híhun, àti òkúta oríṣiríṣi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun kíkà pọ̀ lára ògiri ju ohun wíwò lọ. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn ìwé kíkà yóò lo wákàtí kan ààbọ̀ níbẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò wo àwọn ère tó dà bí ènìyàn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà yín láṣọ. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fi eré kọjá ní ìsàlẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí ibẹ̀ ni àlàyé ohun tí wọ́n máa fi ojú rí ní ìta wà.

Ìtàn tí wọ́n kọ sókè rèé ní ṣókí. Télọ̀ kan tó ń jẹ́ George Viccars ń gbé nílé Mary Cooper. Aṣọ dé sí ilé náà láti London, ó tutù, wọ́n sì sá a síwájú iná kí ó lè gbẹ. Ìtàn ìdílé abúlé sọ pé eégbọn tó ru àrùn wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1665 ni wọ́n sin Viccars, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ Mary Cooper méjì, Edward àti Jonathan, fi tẹ̀ lé e. Àrùn náà rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù, ó sì tún gbiná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí yóò fi tán, ènìyàn bíi 260 ló ti kú láti inú ìdílé 76.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbé gba òdì nìyí: ìsémọ́lé Eyam, ìyẹn bí àwọn ará abúlé ṣe ti ara wọn mọ́lé kí àrùn má bàa tàn dé ibòmíràn, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àrùn dé. Oṣù kẹfà ọdún 1666 ni, nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá, tí àwọn tó lówó díẹ̀ sì ti ń kó ẹrù wọn lọ. Àlùfáà William Mompesson pàápàá ti fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ránṣẹ́ kúrò nílùú. Kì í ṣe òun nìkan ló sì pa àṣẹ náà. Ìjọ kò gbọ́ tirẹ̀ tó, nítorí àlejò ni. Thomas Stanley, àlùfáà tí wọ́n yọ lóyè ní ọdún 1662 nítorí pé ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àdúrà ìjọba, ni àwọn ènìyàn fọkàn tán. Ìgbà tí àwọn méjèèjì fi ìkùnsínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Lójú tiwa, Stanley ni ó yẹ kí gbogbo ìtàn yìí máa fi ṣáájú, ṣùgbọ́n Mompesson ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kànga tí ẹ óò rí lókè abúlé.

Ère eku ni wọ́n gbé sórí òrùlé mùsíọ̀mù láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Eku ni ọ̀pọ̀ gbà pé eégbọn ara rẹ̀ ń tan àrùn yìí. Ère náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó ṣì yín lọ́nà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìsìnkú abúlé náà ṣe, fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó kó àrùn náà ló jẹ́ pé ara ènìyàn ni wọ́n ti kó o, pàápàá nínú ilé kan náà. Ẹni tó bá mọ èyí yóò túbọ̀ lóye ìdí tí wọ́n fi gbé ìsìn kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí gbangba, àti ìdí tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ń sin òkú tirẹ̀ sórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Ó ku ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, òun sì ni ìdí tí a fi ní kí ẹ jáde. Orí ààlà oríṣi òkúta méjì ni Eyam jókòó lé. Ní gúúsù, òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ń mu omi lọ sísàlẹ̀, ó sì kún fún ihò àti àfonífojì. Ní àríwá, òkè Eyam Edge dìde, òkúta oníyanrìn líle ni ó wà lórí rẹ̀. Omi tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè náà máa ń sun jáde ní ẹsẹ̀ òkè kí ó tó dé ibi tí òkúta ẹfun yóò ti gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí òpópónà kan ṣoṣo fi lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, tí ilé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1588 ni wọ́n ti ń fa omi ìsun náà wọ inú àwọn ọpọ́n òkúta lójú ọ̀nà fún gbogbo ará abúlé, díẹ̀ nínú wọn ṣì wà níbẹ̀. Abúlé tó lómi tirẹ̀ láàárín ìlú lè ti ara rẹ̀ mọ́lé. Oúnjẹ nìkan ni ó kù tí wọ́n ń retí láti ìta. Inú òkúta ẹfun yìí kan náà ni òjé wà, omi sì ni ọ̀tá awakùsà, títí tí wọ́n fi gbẹ́ ihò gígùn lábẹ́ ilẹ̀ láti fa á dànù.

Ẹ gba ọ̀nà yìí. Láti mùsíọ̀mù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ yà sí òsì. Àwọn ilé tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ wà létí ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó tó ní orúkọ àwọn òkú wà níwájú wọn. Ènìyàn ń gbé inú wọn: ẹ má yọjú sí fèrèsé. Ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Lawrence, ẹ wo àgbélébùú òkúta tó ti wà láti bí ọdún 1,200 sẹ́yìn, apá kan òpó rẹ̀ ti sọnù. Ẹ wo ibojì Catherine, ìyàwó Mompesson, tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1666. Ẹ wo aago oòrùn ọdún 1775 lára ògiri.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn tó tọ́. Òkúta Ààlà wà nínú pápá, lọ́nà Stoney Middleton, ó ní ihò mẹ́fà tí àwọn ará abúlé ń bu ọtí kíkan sí kí wọ́n tó ju owó oúnjẹ sínú rẹ̀, kí àrùn má bàa bá owó náà lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, òkúta ẹfun tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ dán sì máa ń yọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú dáadáa ni kí ẹ wọ̀. Ibojì Riley wà ní apá ìlà oòrùn abúlé. Níbẹ̀ ni Elizabeth Hancock ti sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ nínú oṣù kẹjọ ọdún 1666. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ọ̀nà náà kò fẹ̀ tó fún ọkọ̀ tó fẹ́ dúró. Kànga Mompesson, tí àwọn ará ìta ń gbé oúnjẹ sí fún abúlé nígbà ìsémọ́lé, wà lókè ní àríwá. Òkè náà ga, kànga fúnra rẹ̀ kò sì tóbi tó òkìkí rẹ̀. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ fò ó.

Mùsíọ̀mù máa ń ti ìlẹ̀kùn nígbà òtútù, kì í sì í sábà ṣí ní ọjọ́ Ajé, àfi tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹ yẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì wò fún ọjọ́, wákàtí àti owó kí ẹ tó kúrò nílé. Ibùdókọ̀ tí wọ́n ń sanwó sí wà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè wọ bọ́ọ̀sì láti Sheffield, tàbí kí ó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Grindleford, kí ó rin ìyókù, àmọ́ òkè wà lọ́nà náà. Bọ́ọ̀sì kì í pọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ẹ mọ àkókò èyí tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ìsìn ìrántí ní Cucklet Delf, àfonífojì tí Mompesson ti wàásù ní gbangba. Ó dára láti rí, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ oníǹkan ni Delf, nítorí náà ẹni tó bá wá lọ́jọ́ mìíràn kí ó ka àmì ojú ọ̀nà dáadáa kí ó tó ṣí géètì ẹnikẹ́ni.