Ẹ fẹ́ ra àgbá óákù tẹ́ẹ máa fi ọtí pamọ́ sí nílé? Ẹ fi wọ́n wéra ná kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ẹ ń wo àwọn àgbá kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wù yín kí ẹ da ògógóró sí i kó gbó kó sì pupa, ẹ dúró ná. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà: àgbá lítà 1 sí 2, àgbá lítà 5 sí 10, àti ègé igi óákù tí wọ́n ń jù sínú ìgò. Tẹ́ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè jẹ́ kí àgbá máa kún fún ọtí ní gbogbo ìgbà, ẹ má ra àgbá rárá, ègé igi ni kí ẹ rà.

Àgbá lítà 1 ló ń wu èèyàn jù torí owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì rẹwà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n òun ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Àgbá bourbon, ìyẹn wisikí Amẹ́ríkà, ń gba nǹkan bíi lítà 200, wisikí Scotland sì gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọdún 3 nínú àgbá kí wọ́n tó lè pè é ní wisikí. Ti lítà 1 ò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí àgbá bá ṣe kéré tó ni igi tó ń kan lítà ọtí kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ sí i, ti lítà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6 ti àgbá ńlá yẹn, torí náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àwọ̀ ti yọ, òórùn ti yọ, tẹ́ẹ bá wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ á korò á sì máa gan ahọ́n bí ìgbà téèyàn ń jẹ obì, àfi kí ẹ máa fi ọtí tuntun lú u. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá ti dùn, kó dà á sínú ìgò lójú ẹsẹ̀.

Lítà 5 lèmi fara mọ́. Ó lọ́ra díẹ̀, ọtí ráyè mí nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń gba ara igi wọlé bá a díẹ̀díẹ̀, kò sì tètè gbẹ. Torí ọtí máa ń fẹ́ lọ láti ara igi o, ní Scotland tó tutù, bíi ìdá 2 nínú 100 ló ń lọ lọ́dún, ti ooru wa níbí á jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbá tó kéré ló sì ń pàdánù jù. Nígbà ọyẹ́ ní Adó, omi inú ọtí ló ń yára lọ, igi á gbẹ, á sún kì, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ gbé e sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, kó jìnnà sí òrùlé páànù, kí ẹ gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ègé igi nínú ìgò ní tiẹ̀ ò jò, kò béèrè ìtọ́jú, owó ẹ̀ sì kéré. Àwọ̀ àti òórùn ló ń fúnni, kò ní fún yín ní mímí tí àgbá ń jẹ́ kí ọtí mí. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jàre.

Nípa igi: óákù funfun ti Amẹ́ríkà ń mú òórùn fanílà àti àgbọn wá, ti Faransé ń ta bíi kànáfùrù, ó sì ń gan ẹnu jù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n jó inú ẹ̀ dúdú, èyí tí wọ́n jó ló dáa fún ọtí líle. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà sọ fún yín pé ìrókò á ṣe iṣẹ́ kan náà, ojú ihò inú óákù funfun ti dí fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọtí kì í fi gba inú igi náà jò.

Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi omi ṣàn án títí èédú dúdú á fi tán nínú omi tó ń jáde, lẹ́yìn náà ẹ bu omi gbígbóná kún un. Á jò, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ó rí i tí omi ń yọ tóótòótó láàárín pákó méjì, ẹ máa bu kún un fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta títí igi á fi wú tí ìjò á sì dáwọ́ dúró. Ibi tó bá ṣì ń jò, ẹ fi ìda oyin dí i láti ìta. Tẹ́ẹ bá sì da ọtí jáde, ẹ da òmíràn sí i lọ́jọ́ náà, tí kò bá sí ọtí, omi tẹ́ẹ po citric acid àti potassium metabisulfite mọ́ (èròjà tí kì í jẹ́ kí àgbá hu èbu) ni kẹ́ ẹ dà sí i, kí ẹ ṣàn án dáadáa kí ẹ tó tún lò ó.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má da ẹmu sí i láéláé. Ẹmu á kan, kíkan yẹn á wọnú igi, àgbá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ògógóró tẹ́ẹ ò mọ ibi tó ti wá náà, ẹ má dà á sí i, torí àgbá kì í yọ methanol, oró tó ń fọ́ni lójú tó sì ń pani, kúrò nínú ọtí. Ní 2015, ọtí tí methanol wà nínú ẹ̀ pa èèyàn ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìtòsí wa níbí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n fi ìda tàbí fánísì kun inú ẹ̀. Tí wọ́n bá kùn ún, ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ọtí ò ní kan igi. Tí ọwọ́ yín bá tó o, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ gbóòórùn: ó yẹ kó máa rùn bí igi tí wọ́n jó, tó bá ń ta kíkan tàbí èbu, ẹ dá a padà.