Iṣẹ́ abẹ kókó iṣan etí: ojú aláìsàn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n

Ẹ̀yin ará Òkun, ẹni tí etí kan ṣoṣo ń di, tó ń hó yéè, tí òòyì sì ń kọ́, kó má jókòó sí Kàbbà tàbí Ìsánlú máa kán òróró sétí. Acoustic neuroma wà lára ohun tó lè fà á: kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tó ń hù lára iṣan ìmọ̀lára kẹjọ, ìyẹn iṣan ìgbọ́ràn àti ìdúró ṣinṣin ara. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló ń kọ́kọ́ mú ìfura wá. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gadolinium tó ń mú àwòrán náà hàn kedere, ló ń fi í hàn. CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray yàwòrán, máa ń fo èyí tó bá kéré.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà ju mìlímítà 1 sí 2 lọ lọ́dún, nítorí náà wọ́n lè máa ṣọ́ èyí tó kéré. Bó bá ti ń ti ọpọlọ, ó yẹ ní yíyọ, iṣẹ́ tó dára gan-an sì ni bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n lè gba ẹ̀yìn etí wọlé. Wọ́n sì lè gba inú egungun etí fúnra rẹ̀, àmọ́ ìgbọ́ràn etí yẹn ti tán nìyẹn. Abẹ́ máíkíróskóòpù ni wọ́n ti ń họ inú kókó náà bí ẹni ń họ igbá, kí awọ rẹ̀ lè rọ̀ kí wọ́n tó bó o kúrò lára iṣan keje, èyí tó ń mú ojú rẹ́rìn-ín, tó sì ń jẹ́ kí ìpéǹpéjú pa dé. Kókó náà ti na iṣan yìí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹran ojú aláìsàn, kì í ṣe ẹyinjú, tí ẹ̀rọ yóò máa ké bí ọwọ́ bá kan iṣan. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, ẹ má gbà. Dókítà tó bá fi ìpẹ́pẹ́ kókó tó lẹ̀ mọ́ iṣan sílẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ojú aláìsàn ló ń dáàbò bò.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ìgbọ́ràn tó ti lọ kì í padà. Omi ọpọlọ lè máa jò, kó máa kán nímú bí omi mímọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rá ikùn dí ihò náà. Ó lè di àkóràn awọ ọpọlọ, nítorí náà ẹ má kánjú wọkọ̀ láti Ìlọrin gba Ọ̀mù-Àrán padà sí Ẹ̀gbẹ́. Ẹ dúró nítòsí ilé ìwòsàn títí dókítà yóò fi ní kí ẹ máa lọ. Bí ojú kò bá pa dé, oògùn ojú lọ́sàn-án, téèpù lálẹ́, kí ẹyinjú má gbẹ.

Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìbàdàn, láti 1962, nígbà tí Latunde Odeku, dókítà iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dá a sílẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá lọ, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè irú kókó yìí mélòó ni wọ́n ń yọ lọ́dún, àti ojú mélòó ló ṣì ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀.